Ọwọ́ Tí Ọmọ Mi Fi Tẹ Píánò

Ọmọ mi obìnrin kò tí ì pé ọdún mẹ́rin nígbà tí olùkọ́ rẹ̀ ní nọ́sìrì fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan lọ́jọ́ kan tí mo lọ mú un, ó ní òun ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ láti bá mi sọ. Òjò ti pa mí bọ̀ láti ibi iṣẹ́, bàtà mi ti mumi yó, ebi sì ń pa mí. Mo ní kó máa wí. Ó ní ọmọ náà gbọ́n, gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ ló ń yé e, ṣùgbọ́n kì í fi ọwọ́ ṣe nǹkan kan. Tí wọ́n bá kó pẹ́ńsù àti bébà síwájú rẹ̀, wíwò ni yóò máa wò ó. Tí àwọn ọmọ yòókù bá ń gé bébà, tí wọ́n ń fi amọ̀ mọ ejò, òun ní tirẹ̀ yóò jókòó jẹ́ẹ́, yóò ti ọwọ́ bọ abẹ́ itan. Wọ́n ti ń ṣọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù. Bí kò bá sí ìyípadà kí táàmù tó parí, wọn yóò ní kí onímọ̀ kan wá yẹ̀ ẹ́ wò, bóyá ilé ìwé mìíràn ni yóò dára fún un, ilé ìwé àwọn ọmọ tí nǹkan ń ṣe.

"Kí ló ń ṣe é?" Mo bi í bí ẹni tó fẹ́ jà.

Ó ní òun kò sọ pé nǹkan ń ṣe é.

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ tán ni."

Ojú rẹ̀ pọ́n wẹ̀ẹ̀. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kò tíì ju ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé lọ, èmi sì rèé, mo dúró tì í bí ẹni tó fẹ́ gbé e mì. Ó ní kí n jọ̀ọ́ má bínú. Ó wá gbà mí nímọ̀ràn pé kí n ra ohun ìṣeré kan tí ọmọ á máa fi ìka tẹ̀ nílé, bí i píánò kékeré tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ọmọdé. Ó ní ó máa ń jẹ́ kí ìka wọn ṣiṣẹ́. Mo ní mo ti gbọ́, mo di ọmọ mi lọ́wọ́ mú, a jáde. Mo sunkún láti ẹnu ọ̀nà nọ́sìrì títí dé ilé wa ní Levenshulme, ní Manchester. Òjò tó ń rọ̀ ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún olùkọ́ yẹn. Kì í ṣe pé mo fi pa mọ́ o. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá ni. Ọlọ́wọ́ òsì ni ọmọ mi.

Láti ìgbà tó ti ń rá kòrò ló ti ń fi òsì mú nǹkan. Ọkọ mi ń kàwé ẹnjiníà ní yunifásítì nígbà náà, ní Sátidé àti Sọ́ńdè yóò tún lọ máa kó ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Trafford Park. Èmi ń rán aṣọ ní ilé iṣẹ́ kan. Àwa méjèèjì kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu ju pé a ń lọ sílé, tó bá ti kàwé tán, ó parí. Aṣọ tí a bá rà, a ó wò ó bóyá ó máa ṣeé wọ̀ nílé. Ọmọ tí a bí, a ń tọ́ ọ fún ilé. Mo sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tó bá na ọwọ́ òsì sí àgbàlagbà nílé wa n'Íbàdàn. Wọn ò ní bá ọmọ wí. Ìyá rẹ̀ ni wọ́n máa wò.

Ní ayé ìgbà yẹn, kásẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ wa fi ń kọ lẹ́tà. Ẹ ó sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, ẹ ó fi rán ẹni tó ń lọ sílé, tí yóò bá fi di oṣù kejì, tiwọn náà á dé. Ọ̀kan lára àwọn ọmọ iléèwé tó ń gbé ní Fallowfield ti jẹun nílé wa kó tó padà sílé, òun ló lọ ròyìn fún ìyá ọkọ mi. Kásẹ́ẹ̀tì tó tẹ̀lé e, a ò tíì gbọ́ "ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta" tí màmá fi gba ọ̀rọ̀:

"Mo gbọ́ pé ọwọ́ òsì lọmọ mi fi ń jẹun. Ẹ̀yin méjèèjì, ṣé ẹ ń gbọ́ mi? A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni o. Ẹ má mú àbíìkọ́ wálé wá bá mi." Ìgbà tó sọ ìyẹn tán ló tó wá kí wa kú òtútù.

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ta ni wọ́n ń pè ní ìyá àbíìkọ́? Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tí a bá fẹ́ jẹun, mo máa ń wọ ìbọ̀sẹ̀ baba rẹ̀ sí ọwọ́ òsì rẹ̀, mo á so ó ní ọrùn ọwọ́ kó má bàa bọ́ ọ. Mo sọ ọwọ́ méjèèjì lórúkọ fún un: ọ̀tún ni ọwọ́ dáadáa, òsì ni ọwọ́ burúkú. Tó bá ti gbàgbé, mo á lọgun láti ibikíbi tí mo bá wà nínú ilé: "Ọwọ́ wo nìyẹn?" Mi ò nà án o. Irọ́ ni, mo máa ń gbá ọwọ́ náà. Kò dùn ún púpọ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń gbá a.

Kí ó tó pé ọdún mẹ́ta, mo ti ṣẹ́gun. Kì í fi òsì kan oúnjẹ mọ́, kì í fi òsì gba nǹkan, àní kì í fi òsì ṣe ohunkóhun. Mo fọ́nnu sínú kásẹ́ẹ̀tì. Màmá súre fún mi títí kásẹ́ẹ̀tì fi tán. Ohun tí mi ò kíyè sí ni pé yàtọ̀ sí síbí, ọ̀tún náà kì í ṣe nǹkan kan. Ọmọ mi ti di ọmọ pẹ̀lẹ́, èmi sì ń dúpẹ́ pé ọmọ mi kì í tú ilé.

Ẹ wá wo èmi yìí ní Sátidé tó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ olùkọ́ yẹn, tí mo gbé ọmọ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìgboro láti lọ ra píánò tí yóò wo ọwọ́ rẹ̀ sàn. Kí ọkọ mi tó lọ sí ibi iṣẹ́ lówùúrọ̀ ló ti ní kí n ra èyí tó ń lo bátìrì, ó ní ìyẹn ló lajú. Mo ní mo gbọ́. Èmi ti mọ ohun tí mò ń wá ní tèmi.

Ìyá mi ń ta àwo n'Íbàdàn, abọ́ àti ife tánganran ló sì fi tọ́ wa. Àwo tó bá ti sán, ojú lè má rí i, etí ni yóò gbọ́ ọ. Ẹ ó fi ìka kan gbé e, ẹ ó fi èékánná ta á. Èyí tó pé yóò ké gooro, èyí tó ti sán yóò dáhùn kọ́, bí ẹni tó ń wúkọ́. Mo ti ń ta àwo léèékánná láti ọmọ ọdún méje, kò sì sí ohun tí mo rà ní Manchester tí mi ò kọ́kọ́ ta léèékánná, títí kan ilẹ̀kùn fíríìjì. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù ohun ìṣeré ńlá náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta gbogbo píánò wọn. Ọmọbìnrin tó ń tajà ń wò mí.

Mo kọ́kọ́ gbé ti bátìrì. Ó ní eyín mẹ́jọ, eyín ni mò ń pe ibi tí wọ́n ń tẹ̀ yẹn, ó pupa, ó yẹ́lò, ó búlúù. Bí mo ṣe fọwọ́ kan bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ báyìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin fúnra rẹ̀. Mo ní, "Tó bá lè dá kọrin, kí wá ni ọmọ máa ṣe ní tirẹ̀? Kó máa pàtẹ́wọ́ fún un?" Mo gbé e sílẹ̀. Ìkejì dúdú, ó ń dán, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta bí i tàwọn olówó. Ìyẹn wọ̀ mí lójú gan-an, mo ti ń ro ibi tí mo máa gbé e sí tí àlejò á fi rí i. Àfi ìgbà tí mo tẹ àwọn eyín dúdú rẹ̀ tí wọn ò wọlé. Wọ́n kàn fi ọ̀dà kùn wọ́n síbẹ̀ ni! Ojú lásán! Mo ní, ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí, ọmọ ọwọ́ lẹ tún ń rẹ́ jẹ.

Síbẹ̀ náà, mo ní kí ọmọ dán an wò. Mo bá a gbé e kalẹ̀. "Ó yá, tẹ̀ ẹ́."

Ọmọ kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

"Tẹ̀ ẹ́, kò ní bù ọ́ jẹ."

Ó wò mí. Ó mú ọwọ́ ọ̀tún jáde, ó di í ní ẹ̀ṣẹ́, ó fi ẹ̀ṣẹ́ náà kan píánò gbì, ó sì dá a padà sẹ́yìn. Mo ní ìka, ìka ni kó lò. Ó tún fi ẹ̀ṣẹ́ kàn án. Obìnrin kan tó mú ọmọ tirẹ̀ dání ń wò wá, ọmọ tirẹ̀ kò tó tèmi, ó sì ń fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tẹ ti bátìrì lọ ràì. Ìtìjú mú mi. Lẹ́yìn ìtìjú ni ẹ̀rù dé, ẹ̀rù gidi. Mo ní, háà, ṣé òótọ́ ni olùkọ́ yẹn ń sọ ni? Ṣé nǹkan ń ṣe ọmọ mi? Mi ò ra ohunkóhun. Nínú bọ́ọ̀sì tí a wọ̀ padà, ọmọ fi orí tì mí lápá, ó ń ka iye ajá tó ń rí lójú títì. Orí rẹ̀ pé, ẹnu rẹ̀ dá ṣáṣá. Mo ń wo ọwọ́ kékeré méjì tó wà lórí itan rẹ̀, mò ń bẹ Ọlọ́run.

A sọ̀ kalẹ̀ ní Stockport Road. Mo rántí pé ṣọ́ọ̀bù ọjà àlòkù kan wà níbẹ̀, ti ìyá àgbàlagbà kan tó máa ń fi okùn so awò ojú kọ́ ọrùn. Àga, kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́, bàtà, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀ lórí ara wọn. Mo béèrè píánò ọmọdé. Ó ní méjì wà. Ó gbé ọ̀kan kalẹ̀ lórí káńtà, aláwọ̀ igi ni, ó dúró dáadáa. Ó ní èkejì pupa, ó wà nílẹ̀ lábẹ́ tábìlì bàtà, ṣùgbọ́n kí n má wulẹ̀ wò ó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán, eyín rẹ̀ kan kò sì dún mọ́.

Mo kọ ẹ̀yìn sí ọmọ, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi lára èyí aláwọ̀ igi. Mo ta àpótí rẹ̀, mo tẹ eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo dẹ etí sí i. Ìyá náà ní kí ni mò ń ṣe. Mo sọ ọ̀rọ̀ àwo fún un. Ó dùn mọ́ ọn nínú, ló bá lọ gbé ife tíì ti ara rẹ̀ wá, ó ní kí n ta ìyẹn náà wò. Mo ta á. Mo ní, "Ìyá, èyí ti sán." Ó ní irọ́ ni, ife ìyá òun ni, kò sán. Mo ní kó ṣe sùúrù, ó ṣì máa ya lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí n má ṣépè fún ife òun. A wà lẹ́nu ìyẹn, à ń bá ara wa fa ọ̀rọ̀, ni mo gbọ́ ohùn píánò lẹ́yìn mi.

Kì í ṣe gbì o. Ohùn kan, ohùn kan, wọ́n ń gòkè bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn tó sì ń di nǹkan mú. Wọ́n dé òkè, wọ́n rọra sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í fo ọ̀kan, ó ń tẹ ọ̀kan. Tó bá dé ibì kan tí ohùn kò sí, ẹnu kan á bá a pè é, "ùn", á sì máa lọ. Mo bi ìyá náà pé ọmọ ta ló ń ṣeré dáadáa báyìí. Ó fi àgbọ̀n júwe ẹ̀yìn mi. Mo yíjú.

Ọmọ mi ni. Ó ti kúnlẹ̀ sábẹ́ tábìlì bàtà níwájú píánò pupa, ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lórí rẹ̀, ìka márààrún, oníkálukú mọ eyín tirẹ̀. Ó yọ ahọ́n síta díẹ̀ láàárín eyín, ojú rẹ̀ mọ́ rekete. Mi ò rí ojú yẹn rí lára ọmọ mi.

Ẹ máa rò pé inú mi dùn. Inú mi ì bá dùn, ṣùgbọ́n ẹnu mi yá ju inú mi lọ. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti lọgun:

"Ọwọ́ wo nìyẹn?"

Ó já ọwọ́ náà gbà kúrò bí ẹni tí ayọ́ọ̀nù jó. Ó tì í bọ abẹ́ itan, ó jókòó lé e. Ó gbójú sókè wò mí, ó ní, "Sorry, mummy. Ọwọ́ burúkú ni." Ó wá yára na ọ̀tún sí mi kí n rí i. "Ọwọ́ dáadáa nìyí." Ó di í ní ẹ̀ṣẹ́, ó fi kan píánò gbì.

Yéè! Orí mi o! Mo ti bímọ, mo ti sin òkú, mo ti gba lẹ́tà ọ̀fọ̀ láti ilé tí ọkọ mi kò lè kà fún mi tán, kò sí èyí tó gún mi nínú tó ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín bàtà àwọn ẹlòmíràn. Gbogbo rẹ̀ yé mi lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ohun tó ń ṣe ọmọ mi. Èmi ni mò ń ṣe ọmọ mi. Ọwọ́ tí Ọlọ́run fún un ni mo sọ ní burúkú, tí mo fi ìbọ̀sẹ̀ dì, mo wá ń ra oògùn kiri.

Mo ní, "Mú un jáde. Mú ọwọ́ yẹn jáde, ọmọ mi, tẹ̀ ẹ́ kí n gbọ́."

Ó mi orí.

"Mi ò ní gbá a."

Ó tún mi orí, ó sì tẹ̀ mọ́ ọwọ́ náà sí i. Ó rò pé mo fẹ́ fi ọgbọ́n mú un ni. Ta ni mo fẹ́ bínú sí? Mo dìde, mo gbọn eruku ìdí mi nù, mo sọ fún ìyá náà pé pupa ni mo fẹ́.

Ó ní, "Èyí tó kán? Èyí aláwọ̀ igi yẹn ló pé, ìwọ fúnra rẹ lo ta á wò."

Mo ní mo mọ̀. Ọmọ ẹni tó ń ta àwo ni mí, mi ò ra ohun sísán rí láyé mi, ìyá mi á sì fi mí ṣẹ̀sín tó bá gbọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ti yan tirẹ̀ kí n tó bá a yàn. Ìyá náà fi bébà dì í fún mi, mo gbé e ru, a rìn lọ sílé. Ọmọ fi ọ̀tún di ẹ̀wù mi mú. Òsì rẹ̀ wà nínú àpò kóòtù rẹ̀ títí a fi délé.

Nígbà tí baba rẹ̀ dé, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín lórí ọ̀rọ̀ ife tíì. Nígbà tí mo dé ibi "ọwọ́ burúkú", ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Ṣé ká wá jẹ́ kó máa fi òsì jẹun ni? Kí la fẹ́ sọ fún màmá?"

"Ṣé màmá ló wà ní nọ́sìrì? Ṣé màmá ni wọ́n fẹ́ mú lọ sí ilé ìwé àwọn tí nǹkan ń ṣe?"

"Rọra sọ̀rọ̀."

"Mi ò ní rọra, Dádì. Ẹ bá mi wò ó. Ọmọ ọdún mẹ́ta ààbọ̀ ń tọrọ àforíjì nítorí ọwọ́ ara rẹ̀!"

A bá ara wa fà á títí, a wá fẹnu kò. Oúnjẹ, kí ó máa fi ọ̀tún jẹ ẹ́. Tó bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà tàbí kó fún àgbà ní nǹkan, ọ̀tún náà ni. Ìyẹn ẹ̀kọ́ ilé ni, mi ò ní torí Manchester jù ú nù. Gbogbo nǹkan yòókù lábẹ́ ọ̀run, ọwọ́ tó bá wù ú ni kó fi ṣe é. Ọkọ mi ní, "Ó ṣe tán, ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́." Mo ní kó gbé òwe sílẹ̀, kó wá bá mi fi igi sí ẹsẹ̀ píánò tó kán. Ó fi sí i. Ó gùn díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, ẹnjiníà sì ni o.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo lọ bá olùkọ́ náà. Èèyàn bí èmi, tí ẹnu mi kì í gbé sílé, n kò mọ ibi tí mo máa ti mú ọ̀rọ̀ náà. Mo sáà sọ ọ́. Mo sọ ti ìbọ̀sẹ̀, mo sọ ti orúkọ tí mo fún ọwọ́ rẹ̀. Mo rò pé yóò wò mí bí ìkà. Ó ní ìyá tó bí ìyá òun náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún un ní ilé ìwé, wọ́n máa ń so ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ́ àga ni. Ó ní mo ṣeun tí mo sọ fún òun. Wọ́n wá sísọ́ọ̀sì ọlọ́wọ́ òsì fún un, èmi ò tiẹ̀ mọ̀ pé irú rẹ̀ wà láyé. Wọ́n jókòó tì í, wọn ò pa á láṣẹ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó gé bébà kan sí wẹ́wẹ́. Olùkọ́ kó wẹ́wẹ́ náà sínú àpò ìwé fún mi, bí ẹni tó fún mi ní ẹ̀bùn ìgbéyàwó, mo sì gbà á bẹ́ẹ̀. Kí táàmù tó parí, onímọ̀ tí wọ́n ń sọ wá, ó jókòó tì í ní gbogbo àárọ̀ kan, ó ní kò sí ohun tó ń ṣe ọmọ yìí, kí wọ́n máa fún un ní ọ̀dà sí i. Mo jó ní kọ́rídọ̀ nọ́sìrì. Àwọn ìyá tó ń wá mú ọmọ wọn yà fún mi.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ mi parí síbẹ̀. Ti nọ́sìrì ti parí, ṣùgbọ́n tèmi kò tíì parí. Ọmọ mi kì í tẹ píánò lójú mi.

Tí mo bá wà ní ilé ìdáná, mo á máa gbọ́ ọ ní pálọ̀, ohùn kan, ohùn kan, àti "ùn" rẹ̀. Tí mo bá kó aṣọ tí mo fẹ́ sá wọlé báyìí, ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Màá bá a tó jókòó, tó ń wo ògiri, ọwọ́ òsì lábẹ́ itan. Ó ń tẹ̀ ẹ́ lójú baba rẹ̀. Baba rẹ̀ á wá máa sọ fún mi, "O ò gbọ́ èyí tó ṣe lónìí!" Mo jowú ọkọ mi débi pé mi ò fi ẹran kún oúnjẹ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Mo pe ọmọ, mo sọ fún un pé ọwọ́ méjèèjì ló dára, pé èmi ni mo ṣì í sọ. Ó mi orí pé òun gbọ́, bí ọmọdé ṣe ń mi orí fún ọ̀rọ̀ àgbà tí kò fẹ́ kí ó gùn. Mo dojú bolẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Èmi, ọmọ Ìbàdàn, mo kúnlẹ̀ bẹ ọmọ tí mo bí. Ó sáà fi ọ̀tún gbá mi mọ́ra. Ẹnu mi ló ti bà á jẹ́, ẹnu mi kò sì lè tún un ṣe.

Ó di ọ̀sán Sọ́ńdè kan, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ti ń wọlé, oòrùn díẹ̀ wà ní fèrèsé. Baba rẹ̀ ti lọ sí Trafford Park. Ọmọ ń fi bèbí rẹ̀ ṣeré lábẹ́ tábìlì. Mo ṣáà jókòó sílẹ̀ níwájú píánò pupa náà, mi ò pe ẹnikẹ́ni, mi ò sọ nǹkan kan. Mo na ọwọ́ òsì tèmi, mo gbé e lé e lórí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò tíì fi ọwọ́ yẹn ṣe ohun tó ní láárí. Àwọn ìka náà kò mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Èyí tí mo rán síwájú ń lọ sẹ́yìn, méjì ń tẹ ojú kan náà, ìka kékeré dúró gbọn-in bí ẹni tí wọn ò pè. Ohùn tó ń jáde kò ṣeé gbọ́ sétí.

Mo gbọ́ ẹ̀rín lábẹ́ tábìlì. Mi ò wẹ̀yìn. Mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ, ó ń burú sí i. Ẹ̀rín náà súnmọ́ mi, ó dé ẹ̀gbẹ́ mi, ó jókòó.

"Mummy, ìyẹn kọ́ ni ọwọ́ rẹ."

Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ rẹ̀, mi ò bá a wí. Ó rọra gbé òsì mi kúrò lórí píánò, ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀, ó fi ọwọ́ pa á díẹ̀ bí ẹni tó ń tu ọmọ nínú. Ó wá mú ọ̀tún mi, ó to ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sórí eyín píánò. "Èyí ni tìẹ." Ó mú òsì tirẹ̀ jáde kúrò lábẹ́ itan, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tèmi. "Èyí ni tèmi."

Mi ò lè tẹ̀ ẹ́. Ojú mi ti kún, ẹ̀rù sì ń bà mí kí n má ṣe ohun tó máa mú un tún sá fún mi. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi.

Ó ní, "Tẹ̀ ẹ́, mummy. Mi ò ní pariwo."